A Kì Í Kíni Níwájú Ẹrù

Ẹ sún mọ́ra, kí ààyè ó lè gbà yín. Ẹni tó dúró, kó wá ìjókòó. Ẹni tó ti jókòó, kó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà, torí ọ̀rọ̀ ẹrù tó ń yí ni mo fẹ́ sọ, ẹrù tó ń yí kì í sì mọ ẹsẹ̀ ọmọlúàbí yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ìkà. Ìtàn àwọn ọdún tí mo lò ní Àjàṣẹ́ ni, Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ibẹ̀ ń pè ní Pọto-Nofo. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ mi rí, ṣùgbọ́n mo fo ibì kan. Ibi tí mo fò yẹn gan-an ni mo pè yín sí lónìí. Ọwọ́ ọ̀tún mi yìí ni. Mo gbé e sókè níbi tí kò yẹ kí n gbé e sí, ó sì kù díẹ̀ kí n sin òtítọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìlú onílùú.

Mi ò ní í fi bí mo ṣe dé ibẹ̀ gbà yín lákòókò. Òkèihò ni mo ti wá. Ìyàwó mi kú, ilé ìlagi tí mo ti ń ru pákó láti ìgbà ọ̀dọ́ mi kógbá sílé, ilé wá fẹ̀ jù mí lọ. Ọmọ mi obìnrin, Bọ́sẹ̀, ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, mo ní kí n kọ́kọ́ wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe. Irun mi ti ń funfun nígbà náà. Ẹni tí irun rẹ̀ ti ń funfun kó tó filé sílẹ̀, kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹ̀rù ń ba òun.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe Faransé. Mo ti mọ̀ pé Faransé máa wà níbẹ̀, bí ẹni tó ń lọ sódò ṣe mọ̀ pé òun máa bá omi. Àárọ̀ ló bà mí lẹ́rù. Ní Òkèihò, láti ẹnu ọ̀nà mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìlagi, èèyàn tó máa kí mi á tó ogún. Wọ́n á bi mí léèrè oorun, wọ́n á bi mí léèrè orúnkún, wọ́n á bi mí léèrè ewúrẹ́ tó sọnù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí mo bá máa fi débi iṣẹ́, mo ti jẹun ìkíni yó. Ní Àjàṣẹ́, alùpùpù akérò tí wọ́n ń pè ní zẹmijan á gbé mi láti Wàndó, àdúgbò tí mo ń gbé, a ò ní í sọ gbólóhùn kan títí màá fi sọ̀. Tí mo bá wọ ibi iṣẹ́, wọ́n á ní, “Bọ̀njúù.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún odindi ọjọ́ kan! Wọ́n á jù ú sílẹ̀ bí èèpo ọsàn, wọ́n á sì kọjá. Kì í ṣe pé wọ́n burú. Iṣẹ́ ló ń lé wọn.

Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ o, kẹ́ ẹ má ṣì mí gbọ́. Nàgó ni wọ́n ń pe èdè wọn, mo sì ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èèyàn lè gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kó má sì mọ ibi tó yẹ kóun ti rẹ́rìn-ín. Tí wọ́n bá ń ṣàwàdà, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń rẹ́rìn-ín, bí ẹni tó dé ìdí àwo nígbà tí wọ́n ń ṣan ọwọ́. Ará Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí. Nílé, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ilé ìkẹ́rùsí ni ibi iṣẹ́ wa. Àwo ilẹ̀ dídán, táìsì, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ilé ló kún ibẹ̀ dé àjà, páálí lórí páálí, àti àpò ìrẹsì ní apá kejì. Àwo ilẹ̀ yẹn wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Wọn kì í rù ú. Irin kan ni wọ́n fi ń gbé e. Tìrànsípálẹ̀tì lorúkọ tí wọ́n ń pè é, ahọ́n mi kọ̀ ọ́, mo bá sọ ọ́ ní Aláhọ́n-méjì. Ahọ́n irin gígùn méjì ló ní níwájú, ó ní apá kan lẹ́yìn tí èèyàn ń dì mú, àti kẹ̀kẹ́ kéékèèké lábẹ́. Wọ́n á ti to ẹrù sórí àtẹ́lẹ̀ onípákó tó ń jẹ́ pálẹ̀tì. Wàá ti ahọ́n méjèèjì bọ abẹ́ pákó náà títí dé ìdí, wàá wá máa fa apá yẹn wálẹ̀ sókè, wálẹ̀ sókè, bí ẹni tó ń fa omi kànga, gbogbo ẹrù náà á gbéra nílẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Irin pẹ́ńpẹ́ kan wà níbi ìdìmú. Tó o bá tẹ irin yẹn, ẹrù á jókòó padà.

Ọ̀gá wa, obìnrin ni, Nàgó Àjàṣẹ́ pọ́ńbélé, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó máa ń fi ẹnu kọ orin ìsìn tó bá ń ka páálí. Tàǹtí Felí ni gbogbo wa ń pè é. Mo fi ọdún púpọ̀ jù ú lọ, kò sì gbàgbé bẹ́ẹ̀ rí. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ ní ọjọ́ kejì, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníṣìmẹ́ńtì tó ti ẹnu ilẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ẹrù máa ń dúró sí.

“Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lórí ibi tó dagẹ̀rẹ́ yìí, ẹ̀yin lẹ máa wà lókè, ẹrù á wà nísàlẹ̀ yín. Ẹ̀ báà máa gòkè, ẹ̀ báà máa sọ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ jẹ́ kó wà lókè yín láéláé.”

“Tó bá wá ń sá lọ mọ́ mi lọ́wọ́ ńkọ́?”

“Ẹ tẹ irin kékeré yìí, kó jókòó. Ẹrù tó bá ti jókòó ò lè lé èèyàn.”

“Mo lè dì í mú. Pákó ni mo fi gbogbo ayé mi rù.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. “Tọ́ọ̀nù kan ni, Bàbá. Ṣé ẹ̀yin náà wọn tọ́ọ̀nù kan ni?”

Dọ̀sú, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́, wà nítòsí; ọmọ Gùn ni, àwọn tí à ń pè ní Ègùn nílé, ó ń fọ́ Yorùbá bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Ó ní, “Tó bá jẹ ẹ̀bà Nàìjíríà tán, ó tó bẹ́ẹ̀!”

“Ìwọ, pa ẹnu rẹ dé. Bàbá, ọwọ́ méjèèjì ní ibi ìdìmú ní gbogbo ìgbà. Ẹ má to ẹrù ga kọjá ojú yín. Tẹ́ ẹ bá sì ń sọ̀ kalẹ̀ níbí, kí ẹnì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ nísàlẹ̀, kó máa bá yín wo iwájú. Tí kò bá sí ẹni yẹn, ẹ dúró. Ọkọ̀ á dúró dè yín. Ṣé ẹ ti gbọ́?”

Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n etí ló gbọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ilẹ̀ wa, orí la fi ń rẹrù. Ẹrù orí, tó bá ti jókòó dáadáa lórí òṣùká, ọwọ́ rẹ ṣófo. Bí ọmọdé bá kí ọ lọ́nà, wàá gbé ọwọ́ kan sókè, wàá súre fún un, ẹrù ò ní í mira. Ogójì ọdún ni mo fi ń gbé ọwọ́ mi sókè bẹ́ẹ̀ lábẹ́ pákó. Kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọwọ́ yẹn ní ìwà mìíràn.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń kí mi ní ibi iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn. Múráínà lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ọmọ agboolé àwọn aránfìlà kan. Tó bá kúrò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án, abẹ́rẹ́ ló ń mú, ó ń ṣe ọnà sára fìlà tí àwọn ọkùnrin máa ń dé lọ kírun Jímọ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ ní Àjàrá ló tọ́ ọ, obìnrin yẹn ò sì fi ọwọ́ yẹpẹrẹ tọ́ ọ. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tó rí mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ṣìmẹ́ńtì, eruku bo àyà ẹ̀wù rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá. Ṣé dáadáa lẹ jí? Ṣé oorun dé ojú yín? Àwọn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ nílé ńkọ́?”

Dọ̀sú bú sẹ́rìn-ín. “Múráínà! Ṣé o fẹ́ fi àyà gbálẹ̀ fún Tàǹtí ni?”

“Ìwọ tí wọn ò kọ́ ọ, máa wò ó.”

Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè. Mo ní, “Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Wàá dàgbà, wàá dògbó. Ọwọ́ tó o fi ń ṣiṣẹ́ ò ní í rọ.” Mo ní láti yí ojú mi sápá kan. Ó ti tó oṣù kan tí ẹnikẹ́ni ti bi mí léèrè oorun kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, àdúrà kan náà ni mo ń ṣe fún un láràárọ̀. Ọwọ́ rẹ ò ní í rọ. Ẹ rántí rẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń bá Bọ́sẹ̀ sọ̀rọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lábẹ́ igi máńgòrò kan ní àgbàlá ibi tí mo gbé. Ibẹ̀ nìkan ni fóònù mi ti ń gbọ́ràn.

“Bàbá mi, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?”

“Ọ̀pọ̀ èèyàn.”

“Ẹ dárúkọ wọn.”

“Múráínà wà.”

“Ta ló tún wà?”

“Ìyá onílé mi wà.”

“Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́sí pé Gùn nìkan ni ìyá yẹn ń sọ. Ta ló tún wà?”

“Bọ́sẹ̀, fóònù yìí ń já.”

Kò já. Mo kàn mú un kúrò létí ni, mo ń wo ojú ìyá onílé tó ń pa ẹ̀fọ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Tí mo bá ń jáde láàárọ̀, ìyá náà á ní, “A fọ́n gánjí à?” Bí wọ́n ṣe ń béèrè bóyá èèyàn jí dáadáa nìyẹn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn, mo sì ń dá a lóhùn. Lẹ́yìn èyí, èmi àti òun á dúró, a ó máa wo ara wa bí ẹni méjì tó pàdé lórí afárá tóóró, á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, mo bá lọ. Ìṣẹ́gun kékeré nìyẹn jẹ́ lójú mi. Òmíràn ni ọjọ́ tí mo wọ́ pálẹ̀tì àwo ilẹ̀ gba àárín òpó méjì tí Dọ̀sú ti fi ẹrù họ lẹ́ẹ̀mejì, tí mi ò fi kan ibì kankan. Ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta.

Bí ọdún kan ṣe yí po nìyẹn.

Ìyàwó Múráínà wá bí ọmọbìnrin. Múráínà gba ààyè ọjọ́ mẹ́ta kó lè sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin èèyàn, ọjọ́ mẹ́ta náà gùn. Mo rò pé mo ti mọ́ra. Ní ọjọ́ kejì ni mo rí i pé mo ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ láìmọ ohun tí mo ń dúró dè. Ní ọjọ́ kẹta, mo kí ògiri. Mo kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo sì bi í léèrè oorun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ ẹrù kan ti dúró nísàlẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ ń fun fèrè. Pálẹ̀tì ti wà lórí Aláhọ́n-méjì mi, ẹrù náà ga ju ojú mi lọ ní ìlà páálí kan. Múráínà ló máa ń bá mi wo iwájú. Kò tíì dé.

Tàǹtí Felí pariwo látinú, “Bàbá, ẹ dúró de Dọ̀sú!”

Mo ní, “Mo ń dúró.” Mo dúró. Awakọ̀ tún fun fèrè. Mo ní nínú mi pé ọdún kan ni mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ níbí yìí, ṣé èmi náà ò mọ̀ ọ́n ni? Mo bá ti ẹrù náà síwájú, mo ń fà á lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ kó má bàa sáré. Èmi wà lókè, ẹrù wà nísàlẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo ṣe bó ṣe yẹ.

A ti dé ìdajì nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lódì kejì ẹrù.

“Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!”

Múráínà ni. Mi ò rí i, ṣùgbọ́n mo mọ̀ bó ṣe wà. Ó ti nà gbalaja nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àyà rẹ̀ nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì nílẹ̀. Báwo ló ṣe fẹ́ rí bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta kó má dọ̀bálẹ̀? Òun náà gbàgbé pé ẹrù ló wà láàárín wa.

Ayọ̀ gbé mi. Ọwọ́ ọ̀tún mi kúrò níbi ìdìmú, ó lọ sókè, ẹnu mi ti la láti súre. “Ọwọ́ rẹ...” ni mo sọ dé.

Ẹrù náà já gbà. Ọwọ́ òsì mi nìkan ò lè dì í mú, ó fà mí bí ajá tó rí ehoro. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, bóyá mẹ́ta, ni mo fi ń wá irin kékeré yẹn. Mo rí i, mo tẹ̀ ẹ́, ẹrù jókòó gbì, iná ṣẹ́ jáde lórí ṣìmẹ́ńtì. Ó jókòó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Múráínà ti gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́, ó ti ta kìjí, ara rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ó ku ọwọ́ ọ̀tún.

Mi ò ní í sọ igbe yẹn fún yín.

Ìka tó tẹ̀lé àtàǹpàkò àti ìka àárín ni. Ọwọ́ tó fi ń mú abẹ́rẹ́. Dọ̀sú gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ń gbé e wọ ọkọ̀, Tàǹtí bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Ó ní, “Ẹsẹ̀ mi ló yọ̀, Tàǹtí. Mo ṣubú síwájú ẹrù.” Kò wo ojú mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Tàǹtí Felí pè mí sí yàrá rẹ̀. Ìwé kan wà lórí tábìlì tó máa lọ sọ́dọ̀ olówó ilé iṣẹ́. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìwé náà ní òṣìṣẹ́ tó fara pa fi àìbìkítà wọ ibi tí kò yẹ kó wọ̀.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ fi orúkọ yín sí ìsàlẹ̀ yìí tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí.”

“Tí mo bá fi í síbẹ̀ ńkọ́?”

Ó mí kanlẹ̀. “Ẹni tó bá ṣe ara rẹ̀ léṣe, wọn kì í gbà á padà. Wọn ò sì ní í wo ọwọ́ rẹ̀ fún un.”

“Tó bá wá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló jẹ̀bi?”

“Ẹni yẹn ló máa lọ.” Ó wò mí pẹ́. “Ẹ mú ìwé náà lọ sílé. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ Ajé.”

Mo mú un lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rí ọwọ́ mi àfi Ọlọ́run. Tí mo bá dákẹ́, màá jókòó ti iṣẹ́ mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, màá padà sí Òkèihò bí arúgbó tí wọ́n lé, màá jókòó sí ẹ̀yìnkùlé ọmọ mi, wọ́n á máa tọ́ka sí mi. Àti Múráínà fúnra rẹ̀ ló ní ẹsẹ̀ òun ló yọ̀. Ṣé kí n wá pe ọmọlúàbí ní onírọ́ ni? Ẹ ò rí bí ọkàn ṣe ń wá aṣọ rere wọ fún ìwà burúkú.

Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù dún lábẹ́ igi máńgòrò.

“Bàbá, kí ló ṣe ohùn yín?”

“Kò sí nǹkan kan.”

“Múráínà ńkọ́? Wọ́n ti sọmọ lórúkọ?”

“Wọ́n ti sọ ọ́.”

“Ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní mo ní ó ṣeun tó ń kí yín fún mi. Tí mo bá rántí pé ẹnì kan ń kí yín níbẹ̀, mo máa ń sùn.”

Mo ní màá kí i. Mo pa fóònù. Mo wá rí i pé ìkíni kan wà lọ́wọ́ mi tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́, mi ò sì lè fi ìwé yẹn sínú àpò mi lọ jẹ́ ẹ. Mo lọ lọ́sàn-án yẹn gan-an.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Múráínà jókòó lórí ẹní, aṣọ funfun wé ọwọ́ rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ kí ọwọ́ nípọn lọ. Fìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì gún sára rẹ̀ níbi tó ti dá iṣẹ́ dúró kí wọ́n tó bímọ. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́ tẹ̀ síwájú kó dọ̀bálẹ̀. Mo sáré dì í léjìká.

“Má ṣe é. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é.”

A jókòó. Mo jẹ́ iṣẹ́ Bọ́sẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Mo wá ní, “Múráínà, ẹsẹ̀ rẹ ò yọ̀.”

Ó fi ọwọ́ òsì ti fìlà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọwọ́ mi ló kúrò níbi ìdìmú.”

“Mo mọ̀, Bàbá. Mo rí i. Mo rí ọwọ́ yín lókè orí ẹrù. Mo mọ̀ pé ẹ ń súre fún mi ni.”

“Kí ló dé tó o fi purọ́?”

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wé, ó wò mí. “Kí ni kí n sọ fún wọn? Pé àdúrà àgbà ló fọ́ mi lọ́wọ́?”

Ìyàwó rẹ̀ yí padà, ó gbé ọmọ wọlé. Mi ò mọ bí mo ṣe dìde.

Mo dé ọ̀dọ̀ Tàǹtí Felí lọ́jọ́ Ajé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo gbé ìwé náà sórí tábìlì, ibi orúkọ mi ṣófo. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo sọ nípa fèrè awakọ̀, mo sọ nípa páálí tó ga jù, mo sọ nípa ẹni tí mi ò dúró dè. Mo wá gbé ọwọ́ ọ̀tún mi sókè níwájú rẹ̀ kó rí bó ṣe lọ. Ó wò ó bí ẹni tó ń wo ejò.

“Bàbá, ìkíni lẹ ń dáhùn?”

“Ìkíni ni.”

Ó bo ojú rẹ̀. Mo rò pé ẹ̀rín ni. Ẹkún ni. “Bàbá mi náà á ṣe bẹ́ẹ̀,” ló sọ. “Èmi náà... Èmi ló yẹ kí n ti sọ fún yín. Mo kọ́ yín ní kẹ̀kẹ́, mo kọ́ yín ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mi ò rántí pé ẹ óò kí ara yín.”

Ó ya ìwé náà sí méjì, ó sì kọ òmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró de èsì. Mo ti di ẹrù mi. Èsì wá dé pé Múráínà ṣì ní iṣẹ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ á wo ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Aláhọ́n-méjì mọ́ láé. Tàǹtí ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má lé mi. Ó fún mi ní fèrè kékeré kan, ó ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ipò mi láti òní lọ, pé èmi ni kí n máa bá àwọn tó kù wo iwájú.

Dọ̀sú fi ọ̀dà òféèfèé fa ìlà kọjá lórí ṣìmẹ́ńtì. Ìwé òfin onífaransé kan ti wà lára ògiri tipẹ́. Tàǹtí ní kí a kọ tiwa sábẹ́ rẹ̀. Ó bi mí léèrè ohun tí wọ́n máa kọ, mo sọ ọ́, Dọ̀sú kọ ọ́ gàdàgbà: A KÌ Í KÍNI NÍWÁJÚ ẸRÙ.

Ó padà sẹ́yìn, ó wò ó. “Bàbá, tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní í kí yín rárá, ewu ò ní í sí.”

“Ìwọ? Ìgbà wo lo kí mi rí?”

“Ẹ káàárọ̀,” ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún kan. Ohùn rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Oṣù mẹ́rin kọjá kí Múráínà tó padà. Ìka méjèèjì ti san, ṣùgbọ́n wọn ò ká mọ́. Mo rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Dọ̀sú ń sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́wọ́. Múráínà dé ìlà ọ̀dà, ó dúró, ó pa ọwọ́ pọ̀ sẹ́yìn. Mo fun fèrè. Dọ̀sú tẹ irin rẹ̀, ẹrù jókòó. Ìgbà yẹn ni Múráínà tó dọ̀bálẹ̀, èmi náà gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n mi ò ṣe àdúrà àtijọ́ yẹn fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Mo ní, “O káàbọ̀,” mo sọ ọwọ́ kalẹ̀.

“Ẹ kí ara yín kíá,” ni Tàǹtí sọ látòkè, “ọkọ̀ ń dúró.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kí ara wa fún ọdún mẹ́fà, pẹ̀lú ìlà kan láàárín wa. Kò dín ọ̀wọ̀ kù. Ṣùgbọ́n ìkíni tó bá kọ́kọ́ dúró gba fèrè kó tó wọlé, ó máa ń dé pẹ̀lú òtútù díẹ̀ lára. Èmi ni mo fa òtútù yẹn, mo sì mu ún bí ẹni mu oògùn. Bọ́sẹ̀ á tún bi mí léèrè lọ́jọ́ Àìkú pé ta ló ń kí mi. Màá ní Múráínà àti Dọ̀sú. Fóònù ò já mọ́.

Nígbà tí orúnkún mi ò gba ìdúró mọ́, mo wálé. Ẹ jẹ́ kí n pín ogún náà fún yín, ká lè lọ jẹun. Àpótí ìjókòó mi kan ìyá onílé, èmi àti òun rẹ́rìn-ín síra wa fún ìgbà ìkẹyìn lórí afárá tóóró wa. Ìbọ̀wọ́ mi kan Dọ̀sú, ó ní ó tóbi jù, ó sì wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bàtà onírin ẹnu tí wọ́n ní kí gbogbo wa máa wọ̀ ló wà lẹ́nu ọ̀nà Bọ́sẹ̀ yẹn, òun ló fi ń ti ilẹ̀kùn kí afẹ́fẹ́ má gbá a. Fèrè kan Múráínà. Òun ló ń kọ́ àwọn tuntun báyìí. Ó máa ń gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ hàn wọ́n kó tó ya ẹnu rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀, èyí tí wọ́n sọ lórúkọ lọ́sẹ̀ yẹn, jogún ìwà kan tí mi ò rí lára ọmọ mìíràn rí: tó bá fẹ́ kí àgbà, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ àgbà náà, bóyá nǹkan wà níbẹ̀.

Fìlà tó wà lórí mi yìí ló kan èmi. Ẹ wò ó dáadáa. Láti apá òsì dé iwájú, ọnà rẹ̀ tò bí eyín ọmọdé. Láti ibí yìí lọ, ó wọ́. Abẹ́rẹ́ tí mo bá lára rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn ni Múráínà fi parí rẹ̀, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó kẹ́yìn.

Nítorí náà, tí ẹ bá kí mi tí nǹkan wà lọ́wọ́ mi, tí mo dákẹ́, ẹ má rò pé ìlú òkèèrè ti gba ìwà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀. Mo ń gbé e kalẹ̀ ni.